Èènì Alájà

Oṣù méje ni mo ti fi tramadol sílẹ̀, láti ìgbà náà n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun àsùnwọra mọ́. Nígbà tí mo ń wakọ̀, oògùn yẹn ni mo fi ń lé àárẹ̀ lọ, títí ó fi lé ìyàwó mi náà lọ sílé bàbá rẹ̀. Àna mi ti wá gbà kí ó padà wálé lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí òun bá gbọ́ pé mo tún fẹnu kan oògùn náà, kí n má wá bèèrè ọmọ òun mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ó dé, lọ́sàn-án Jimọ̀, ni ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ru. Oògùn rẹ̀ ti tán, àwọn kẹ́mísìtì àdúgbò wa sì ti tilẹ̀kùn lọ kírun. Ibi tó dá mi lójú pé wọ́n ṣí ni ṣọ́ọ̀bù oògùn Alájà kan ní Ọ̀fà Garage, níbi tí mo ti ń ra tramadol nígbà tí mo ń ṣe ayé rádaràda. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n lọ. Mo lọ.

"Dẹ̀rẹ́bà mi! Ojú rẹ rèé?" Inú Alájà dùn. Ó di oògùn ìyá mi sínú ọ̀rá, ó na ọwọ́ sábẹ́ káńtà, ó tún fi nǹkan kún un. "Mo ti fi èènì rẹ sí i o. Oníbàárà mi àtijọ́ ni ẹ́."

Mo mọ ohun tó jẹ́. Síbẹ̀ ẹnu mi sọ pé, "Ẹ ṣé, Alájà. Àlùbáríkà." Ta ló ń kọ èènì nílùú yìí? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti bú ẹni tó tajà. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi ló fẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wọnú ọ̀rá. Hóró méjì ni, nínú bébà kékeré. Ọkàn mi ní kí n jù ú nù. Ọkàn mi kan náà ní ìyá ń ṣàìsàn, ìyàwó ń bọ̀, hóró kan péré á mú gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ìbéèrè yẹn ló dẹ́rù bà mí tí mo fi pe ìyàwó mi.

"Alájà Ọ̀fà Garage ló fi tramadol ṣe èènì fún mi," ni mo wí. "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ti lò ó?"

"Rárá, wáláhì."

"Ẹ má jù ú nù o. Tẹ́ ẹ bá jù ú síbì kan, ẹ máa padà lọ ṣà á. Ẹ lọ dá a padà fún un báyìí. Mi ò ní pa fóònù."

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ yí padà. Mo gbé bébà náà lé orí káńtà lójú gbogbo èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, Alájà, ẹ má bínú. Nǹkan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká. Ẹ má fún mi mọ́ láé."

Ojú rẹ̀ korò. "O ò bá ti sọ."

Awakọ̀ kan tó dúró lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. "Alájà, tí kò bá fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kó hóró méjèèjì sẹ́nu, ó gbé wọn mì láìsí omi. Ọ̀fun tèmi náà gbé itọ́ mì.

"Ṣé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín?" Ìyàwó mi ṣì wà lórí fóònù.

Mo ní ó ti kúrò. N kò sọ fún un pé mo ń jowú ọkùnrin náà débi pé omi bọ́ lójú mi.