Iṣu tí Baba Eléjò Fi Ránṣẹ́

Ọkùnrin burúkú inú kàtúùnù náà ń jẹ́ Baba Eléjò. Bó bá ti súfèé, ejò á máa jáde láti abẹ́ ewé kòkó, láti abẹ́ àpáta, wọn á sì lọ jẹ́ iṣẹ́ ibi tó bá rán wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń yà á fún ìwé ìròyìn kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Àkúrẹ́, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó. Baba Eléjò dé fìlà síwájú orí, eyín rẹ̀ kan ti kán, àpá kan sì wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ní Àgbàdo-Èkìtì tí à ń gbé, kò sẹ́ni tí a ní láti sọ fún pé ojú ta ni. Ojú bàbá wa ni.

Bàbá wa náà ló ni súfèé yẹn. Ìyá wa ti kú nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá nìkan ló tọ́ wa, pàṣán ló sì fi tọ́ wa. Bó bá ń bọ̀ láti oko, á súfèé láti ìdí igi ọsàn tó wà lóríta, kí omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ ti wà nílẹ̀ kó tó wọlé. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá súfèé lẹ́yìn mi, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó wẹ̀yìn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo ti dàgbà.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró jẹ́ẹ́. Èédú ni o, ṣọ́ọ̀kì ni o, ohunkóhun tó bá ti lè fa ilà, á fi yàwòrán. Lọ́jọ́ kan tí à ń fọ́ kòkó lóko, tí àwọn aládùúgbò oko wá bá wa ṣe é, tí gbogbo wa jókòó yí òkìtì kòkó ká, ó fi èédú ya gbogbo wa sára ògiri ahéré. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, pàápàá nígbà tí wọ́n rí bàbá wa níbẹ̀, tó la ẹnu gbàgà tó ń pariwo. Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó na ẹ̀gbọ́n mi lójú gbogbo wọn. Nígbà tí a délé, ó kó gbogbo ìwé tí ọmọ náà ń yàwòrán sí, ó dà wọ́n sínú iná, ó ní:

“Uṣu mi kò níí kàn ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé.”

Bàbá tó bá ní iṣu òun kò ní kan ọmọ lẹ́nu mọ́ ti lé e nílé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá sí Àkúrẹ́, ó ní òun kò ní padà wá àfi bí ẹni tó lé òun bá ránṣẹ́ sí òun.

Nígbà tí Baba Eléjò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, awakọ̀ takisí kan tó ń ná Àkúrẹ́ ló ń bá wa mú un bọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa súfèé bí bàbá wa bá ń kọjá, wọn á sì sá. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dé etí rẹ̀. Ó dé e lóòótọ́. Ó pè mí kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó na ìwé náà sí mi. Kò mọ̀wé.

“Ka a kí mi gbọ́.”

Mo kà á fún un. Lọ́sẹ̀ yẹn, Baba Eléjò rán ejò sábẹ́ ẹní ọmọ aláìníyàá. Bàbá wa wo àwòrán náà pẹ́, ó fọwọ́ kan àpá ojú rẹ̀. Ó ní, “Bí ó ti rí ló yà á.” Ó dìde, ó lọ wẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ súfèé lóríta mọ́. Ikọ́ ló ń wú lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

Ẹnu awakọ̀ yẹn kì í sinmi, ó sì ti ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tí Baba Eléjò súfèé nínú ìwé, tí ejò tó kéré jù nínú wọn kọ̀, tó ní òun kò lọ, tí Baba Eléjò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, bàbá wa fúnra rẹ̀ ló po ẹ̀kọ fún mi, ẹ̀kọ náà kún fún kókó, mo sì mu ún tán pẹ̀lú omijé. Awakọ̀ gbọ́. Láìpẹ́, àwọn ejò Baba Eléjò ń fi ẹnu gbé ewé egbòogi lọ fún aláìsàn. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, tí n kò mọ èyí tó ń ṣáájú, ìwé ni tàbí bàbá wa. Àwọn òǹkàwé ń bínú, wọ́n ní Baba Eléjò kò dùn mọ́, kí ló dé tí ejò rẹ̀ kì í buni jẹ mọ́.

Níkẹyìn, Baba Eléjò tú gbogbo ejò rẹ̀ sínú igbó, ó sì rìn lọ sílé ọmọ tó lé jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣì wà níbẹ̀. Òjò pa á níbẹ̀.

“Ṣé ọmọ rẹ̀ ti ṣí ulẹ̀kùn?” Bàbá wa kì í jẹ́ kí n kà á tán kó tó bèèrè.

“Kò tíì ṣí i, Aba.”

“Ó dáa. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀.”

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó wọ inú abà, ó ṣa àwọn èyí tó tóbi jù, ó fi okùn ọ̀pẹ dì wọ́n, ó sì ta okùn náà ní kókó kan tí òun nìkan máa ń ta. Ó gbé e fún awakọ̀.

“Gbé e fún un. Mọ́ sọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Uṣu á sọ ọ́.”

Mo wà níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Àgbà ilẹ̀ wa kì í wí fún ọmọ pé má bínú, ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní iṣu òun kò ní kàn ọ́ lẹ́nu mọ́, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa á fún ọ, kí ló tún kù tí kò tíì sọ? Awakọ̀ dé, ó ní, “Ó ní ẹ ṣeun gan-an.” Bàbá wa wọ bùbá tó mọ́, ó gbé àga síta, ó kọjú sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá. Ó tún fi iṣu ránṣẹ́, wọ́n tún ní ẹ ṣeun. Ilẹ̀kùn inú ìwé kò ṣí. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ọkàn rẹ̀ ti di òkúta.

Ọyẹ́ mú bàbá wa lọ́dún náà. Lórí ẹní tó ti ń ṣàìsàn, ó ṣì ń bi mí nípa ilẹ̀kùn. Mo ní kò tíì ṣí i. Ó kọjú sí ògiri. Kò béèrè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì pẹ́ tó fi kú.

Ìsìnkú ló gbé ẹ̀gbọ́n mi wálé. Ó lọ sínú abà láti mú iṣu tí a máa sè fún àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì bá ìdì kan nílẹ̀ tí bàbá wa ti dì kí àìsàn tó dá a dúró. Ó mú un wá bá mi.

“Ta ló ta kókó yí?”

“Aba ni.”

“Ùwọ kọ́ lò ń fi uṣu ránṣẹ́ sí mi?”

Gàrí àti ẹ̀wà ni èmi máa ń fún awakọ̀ kan náà fún un, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ka iṣu mọ́ ọn, ó rò pé bàbá wa ti kọ́ mi ní kókó rẹ̀. Mo sọ fún un bí ó ṣe rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú iṣu náà lọ́wọ́.

“Ó ti ránṣẹ́. Mò ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀ kí mi tó ṣí ulẹ̀kùn, àmọ́ a ti gún un jẹ.”

Ẹkún tí ẹ̀gbọ́n mi sun lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ó ya kàtúùnù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Awakọ̀ mú un wá fún mi, mo sì gbé e lọ síbi àga bàbá wa, mo ń kà á sókè, torí ó ti mọ́ mi lára. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ náà jáde. Kò sí ejò, kò sí èèyàn, àfi ìdì iṣu tó wà nílẹ̀.

“Ó ti ṣí i, Aba,” mo wí fún àga náà.