Ìkòkò Aró Láti Ayépé

Láti kékeré ni Mùtíátù ti ń bẹ̀rù ejò. Ọmọdé ni nígbà tí sèbé ṣán bàbá rẹ̀ lóko ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Kí wọ́n tó gbé e délé, ẹ̀mí ti bọ́. Ìyá rẹ̀ kó òun àti àbúrò rẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń rẹ aṣọ láró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni Mùtíátù ti mọ tinú-tòde aṣọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú ìtàn àti iṣẹ́ ọnà Ìjẹ̀bú gbà á síṣẹ́, kó máa mú àlejò káàkiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pàtẹ nǹkan àtijọ́ sí.

Lọ́dún yìí, wọ́n gbé ìkòkò aró ńlá kan wá láti Ayépé, láti ẹ̀yìnkùlé ilé kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́. Ọjọ́ kejì ni olùkọ́ kan, Tabitha, kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ wá wòran. Mùtíátù fi àwọn àwo idẹ orí tábìlì hàn wọ́n, ó fi aṣọ olónà hàn wọ́n, ó wá dé ìdí ìkòkò.

"Aró ṣì wà lára inú rẹ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ pa á, kí ẹ rí i."

Bó ṣe na ọwọ́, nǹkan kan fẹ́ síì nínú ìkòkò. Ó bẹjú wò. Ejò dúdú kan ti fẹ ọrùn sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti rọ̀gbà yí ìkòkò ká. Bó bá pariwo, wọ́n á ti ara wọn, ìkòkò á ṣubú.

"Tíṣà," ó pe Tabitha, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ọlọ tó wà níta ná."

"Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú ìkòkò ni, mà?"

"Rárá o! Ẹ máa lọ."

Tabitha wo ojú rẹ̀. Ó kó wọn jáde.

Ó wá ku òun àti ejò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kó sá. Ṣùgbọ́n bó bá sá, tí ejò bá jáde, abẹ́ àpótí wo ni wọ́n á ti wá a? Ó fẹ̀yìn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dé ìdí tábìlì, ó gbé àwo idẹ tó tóbi jù, ó ń ṣe bísímílà wúyẹ́wúyẹ́. Kó tó padà, orí dúdú náà ti yọ lẹ́nu ìkòkò. Omijé bo ojú rẹ̀. Ó na àwo síwájú, ó fi dé ẹnu ìkòkò mọ́ ejò náà. Ejò forí gbá idẹ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbàù! Ó tún gbá a. Mùtíátù fi gbogbo ara tẹ àwo mọ́lẹ̀, ó figbe ta.

Abdulrauf, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló sáré wọlé. Òkúta ni wọ́n gbé lé àwo náà títí ọdẹ tí wọ́n ránṣẹ́ pè fi dé, tó pa sèbé náà. Mùtíátù ò wò ó. Ìta ló jókòó sí, Tabitha di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ò bà yín ni, mà?"

"Ó bà mí o, ọmọ mi. Ó ṣì ń bà mí."

Fatihah, àbúrò Mùtíátù, ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò fi débẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, inú oòrùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbà fún un. Síbẹ̀, títí dòní, kò jẹ́ ti ọwọ́ bọ ibi tó bá ṣókùnkùn.