Oorun Lókè Ilé Ìṣọ́

Èéfín ẹran tí wọ́n ń yan nísàlẹ̀ ilé wa ní Abu Shagara, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá tá a ti ń ṣiṣẹ́, ń wọ yàrá bọ̀ nígbà tí Bísí, àbúrò tá a kàn jọ háyà yàrá, tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà lókè tèmi, na fóònù sí mi lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ilé tí wọ́n fi ń ṣọ́ iná nínú igbó ọba lágbègbè yín ti di hòtẹ́ẹ̀lì. Tá a bá gba lífù lọ sílé, ẹ jẹ́ ká lọ sùn níbẹ̀."

Mo mọ àkàbà irin tó wà nínú fọ́tò yẹn. Bàbá mi ló máa ń jókòó lókè ẹ̀ nígbà ọyẹ́, tó ń wò bóyá èéfín yọ nínú igbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀bà gùn ún lọ bá a. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kò yọjú.

"Bá mi ṣọ́ igbó yìí," ló wí. "Tó o bá rí èéfín, jí mi." Ó sì sùn sórí pákó lásán.

Mo ṣọ́ igbó náà títí ọ̀gá bàbá mi fi gòkè wá. Mo rò pé yóò yìn mí. Mo fi ìka sẹ́nu: "Ẹ rọra, sà. Bàbá mi ń sùn."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé oko ọ̀gá yẹn ni ẹni tí kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi lọ ń ro ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì, funfun báláú!" Bísí ń rẹ́rìn-ín.

"Khalas! Ó tó! Gbé e kúrò lójú mi!"

Orí pákó yẹn náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Oorun tí wọ́n torí ẹ̀ lé bàbá mi, òun ni wọ́n wá ń tà níbẹ̀.