Bí Olútóyè Ṣe Gba Igi Lọ́wọ́ Sùlè

Ẹni tó bá gbé àdúgbò Attécoubé lọ́dún 1976 tó ní òun kò mọ Ológun, irọ́ ló ń pa, àbí etí rẹ̀ di ni. Ológun kì í ṣe ènìyàn o. Ọkọ̀ ńlá àtijọ́ kan ni, tí àwọn sójà lò títí ó fi sú wọn, tí Ìyá Ràmílátù wá rà á lọ́wọ́ wọn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà pọ̀. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko Songon tí ń gbé ọkọ̀ tuntun mì, Ológun á là á kọjá, á dé ìdí ẹ̀gẹ́ nínú oko, á sì kó o wá fún àwọn obìnrin tí ń fi í ṣe atíékè, oúnjẹ kan tó jọ gàrí, lórí òkè Attécoubé. Orí òkè yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Ẹsẹ̀ Ológun le, èémí rẹ̀ ló kúrú. Bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á gbọ̀n, á sì dúró. Sùlè tí ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn á wá ki igi bọ abẹ́ táyà kí ó má baà sá padà. Kálì ni wọ́n ń pe igi náà. Ọkọ̀ á sinmi, á tún gbìyànjú ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀, Sùlè á tún ki kálì bọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó dé òkè. Àwọn obìnrin á máa kí Sùlè ní èdè Dìúlà, "I ni baara", bí àwa náà ti ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é.

Olútóyè ló ń wa Ológun, òun náà ló sì ń tún un ṣe. Treichville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ará Ẹ̀jìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó máa ta aṣọ bíi tòun. Ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ibi tí irin bá ti ń dún ni wọ́n ti ń lọ wá a. Níkẹyìn wọ́n fà á lé Bàbá Kassim lọ́wọ́, mẹkáníìkì kan ní Koumassi tí kì í lu ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ta ju pàṣán lọ. Lọ́dún 1960 tí ọ̀gá gbà á sílẹ̀ láti dá dúró, Olútóyè dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ kan irin iṣẹ́, ó sì búra ohun tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ Bàbá Kassim ń búra: ìdè tí ọ̀gá bá dè, òun kò ní tú u lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìbúra yìí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun gbogbo jẹ́.

Ní àkókò òjò ọdún 1973, ẹsẹ̀ Olútóyè yọ̀ lórí búréèkì ní àárín òkè. Ọkọ̀ sá padà kí Sùlè tó ki kálì bọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì gun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọmọ ìka méjì lọ. Nígbà tí Sùlè kúrò ní ọsibítù, ó padà dé pẹ̀lú kálì lọ́wọ́, ó ní ọkọ̀ ló sá padà, kì í ṣe Olútóyè. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Olútóyè sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì tijú. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé, ohun tó bá gbà ni yóò fún un, òun yóò gba igi yẹn lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Sùlè.

Ọdún mẹ́ta ló fi wá ọ̀nà. Ní ọyẹ́ 1976, ọkọ̀ agbégi tuntun kan ṣubú sínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà èbúté, wọ́n sì ń tà á ní wẹ́wẹ́. Nínú àwókù yẹn ni Olútóyè ti rí túrúbò, irin kan tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Ó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ni irin náà ń lò láti yí, bí ó sì ti ń yí ni yóò máa fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Èémí tí Ológun kò ní rèé, lórí ilẹ̀, nínú eruku. Jíà kan tó wúlò ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì gbé túrúbò náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ titun délé.

Ìyá Ràmílátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ta ló ń so ìlẹ̀kẹ̀ tuntun mọ́ arúgbó nídìí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Òun kò fẹ́ kí wọ́n tún gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ọsibítù nítorí ẹ̀gẹ́, ó sì ti bá àwọn tí ń gé irin àlòkù sọ̀rọ̀. Bí Ológun kò bá lè gun òkè láìsinmi kí ó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gé e. Kò burú, ọkọ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ní Adjamé ti ń ránṣẹ́ sí Sùlè pé kí ó wá máa bá òun ti kálì, ọkọ̀ awakọ̀ náà kò sì ní búréèkì gidi kan. Sùlè ti gbà láti lọ. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù ni Olútóyè ń wò.

Ó ti gáràjì rẹ̀ pa ní Koumassi Remblais, ó dojú kọ iṣẹ́. Martine ìyàwó rẹ̀, tí ń kọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ló ń ka ìwé tí ó wà lára túrúbò náà fún un. Martine gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ dáhùn, Faransé ló ń bọ́ sí i lẹ́nu. Wẹ́dà kan bá a jó irin tí túrúbò yóò jókòó lé. Olútóyè fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò máa gbé ọ́ìlì lọ bá a, nítorí ìwé ní bí ó bá gbẹ, ó parun, ó sì tún fa òmíràn tí ọ́ìlì yóò gbà padà. Ó pààrọ̀ gbogbo ohun tó lè jò. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Martine ka ìlà ìgbẹ̀yìn: augmenter le débit. Kí wọ́n fi kún epo tí pọ́ǹpù ń fún ẹ́ńjìnnì.

Olútóyè ní kí ó ka èyí tó tẹ̀lé e. Martine ní kò sí èyí tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ló parí sí. Ọkọ rẹ̀ ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò. Lára pọ́ǹpù yẹn, ìdérí tí a fi ń dín epo kù tàbí fi kún un, wáyà wà lára rẹ̀ tí a fi òjé lẹ̀ pa. Bàbá Kassim ló dè é níbẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí Ìyá Ràmílátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀. Ṣé Olútóyè ni yóò tú ìdè ọ̀gá rẹ̀? Kí ilẹ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ má mọ́ láé. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó ẹ̀gẹ́ kún Ológun, wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè. Túrúbò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, gbogbo àdúgbò sì yọjú. Ẹ wo àwọn ará òkè yẹn, bí ọkọ̀ bá ń kú lọ, wọn kì í yọjú, súfèé lásán ni wọ́n gbọ́. Ológun súfèé, súfèé, ó dé ìdí máńgòrò, ó dúró. Sùlè ki kálì bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi dé òkè, ó ti di ìgbà mẹ́wàá, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín pé arúgbó ti kọ́ orin. Ìyá Ràmílátù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé kò yẹ̀ mọ́. Sùlè wá gbọn eruku kúrò lára bàtà rẹ̀, Olútóyè sì rí àkísà tí ó kì sí iwájú bàtà òsì, níbi tí ọmọ ìka kò sí.

Ojú tì í títí dé egungun. Nígbà tó délé, Martine gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Obìnrin náà jókòó tì í, ó sì fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ sọ fún un pé Ológun ti rí afẹ́fẹ́ wàyí, oúnjẹ ni kò rí. Ṣé ẹni tó ń mí dáadáa, ebi kì í pa á ni? Olútóyè ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé ti parí.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó wọ agbádá kékeré, ó lọ sí ilé Bàbá Kassim. Ojú bàbá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣú rárá. Olútóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde títí ó fi rò ó tán, láti orí ìka ẹsẹ̀ Sùlè dé orí ìdérí pọ́ǹpù. Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ló ń rín.

"Dìde, ìwọ òmùgọ̀ olóòótọ́ yìí," ni ó wí. "Ẹ́ńjìnnì tí kò ní èémí ni mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí èéfín má baà pa á. Mi ò sọ pé kí ebi máa pa á títí ayé."

Olútóyè ní òun búra. Bàbá ní òun gbọ́, ìdí rẹ̀ tí òun fi ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ìdè tí òun dè, ọwọ́ òun ni yóò tú u. Wọ́n mú un lọ́wọ́ dé gáràjì. Ó fi ìka wá ibi tí òjé wà, ó gé wáyà náà, ó ní kí wọ́n tan ọkọ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó yí ìdérí díẹ̀, ó gbọ́, ó tún yí i díẹ̀. Ohùn Ológun nípọn, gbogbo pákó gáràjì sì gbọ̀n. Bàbá wá na irin tó fi ń yí ìdérí náà sí Olútóyè.

"Ìyókù, fi etí tìrẹ gbọ́ ọ. Bí èéfín bá dúdú, o ti ṣe é jù nìyẹn."

Ọjọ́ Ajé pé. Àwọn agérin ti jókòó lórí òkè pẹ̀lú Ìyá Ràmílátù, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ní ìsàlẹ̀, Ológun ru ẹ̀gẹ́ dé ọ̀run, Sùlè sì ti gba ẹ̀yìn lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Olútóyè bọ́ sílẹ̀, ó lọ bá a, ó ní kí ó wá jókòó síwájú. Sùlè ní ta ni yóò wá ki kálì.

"Ẹ̀gbọ́n, búréèkì rẹ̀ le, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá sì sá padà, ẹ jẹ́ kó bá àwa méjèèjì nínú rẹ̀. Kò ní gun ẹsẹ̀ yín mọ́."

Sùlè wò ó títí. Ó jẹ́ kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún òun, ó gòkè, ó gbé kálì lé itan. Wọ́n gbéra. Túrúbò súfèé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí agbára wà lẹ́yìn súfèé. Wọ́n kọjá ibi ìsinmi kìíní, lẹ́nu ọ̀nà télọ̀. Wọ́n kọjá ìdí máńgòrò. Sùlè ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìka rẹ̀ ti lọ, kò ka nǹkan kan. Olútóyè kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì nìkan, ó sì ń gbọ́ ọ bó ti ń jẹun tó ń yó.

Wọ́n dé òkè láìdúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ayọ̀ gba Olútóyè lọ́kàn débi pé ó fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀ bí ọmọdé. Àwọn obìnrin atíékè ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan náà tó rẹ́rìn-ín ní Ọjọ́bọ̀ ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Ràmílátù ní kí àwọn agérin máa lọ, ó sì fi ẹ̀pà tó kù dá wọn lọ́lá. Gbogbo ènìyàn wá rọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n Sùlè kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan káàkiri lára ilẹ̀kùn. Olútóyè rò pé ó ń sunkún ni. Ó tẹ̀ sí i.

"Olútóyè," ni Sùlè wí jẹ́jẹ́, kí àwọn ará ìta má baà gbọ́, "báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i láti inú?"

Ọdún mẹ́rìnlá tó fi bá ọkọ̀ yìí rìn, ẹ̀yìn ló wà. Olútóyè bọ́ sílẹ̀, ó yí iwájú ọkọ̀ ká lójú gbogbo ènìyàn, ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì tẹrí ba bí a ti ń ṣe fún ọba.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Sùlè na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó gbàgbé kálì sórí àga, kò sì sí ẹni tó rán an létí.