Màmá Dákẹ́ àti Àwọn Ewì Tó Tì Mọ́lé

Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú yàrá àwọn ọmọdé nínú ilé ìkàwé kan. Màmá Dákẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè é. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Dákẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù lọ, ìgbà tó sì máa fi mọ̀ pé ó ti di orúkọ, àwọn òbí pàápàá ti ń fi kí i lójú pópó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí káàkiri, tí á máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kì í sì í fo ibi tó bá ti burú.

Lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ páìpù omi, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ewì. Ọkọ rẹ̀ ní irọ́ ni, pé ewì ló ṣáájú òun. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó kọ ewì títí ọwọ́ fi ń ro ó, kò sẹ́ni tó bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó yìn ín ni ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì mọ̀wé kà. Ló bá gba iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ó ní bí òun ò bá lè kọ ewì, òun á kúkú máa ṣọ́ ọ.

Ìwé ewì tó bá nínú yàrá náà kò pọ̀, gbogbo ọmọ inú wọn ló sì jọra: irun kan náà, ilé kan náà, ajá kan náà níwájú ilé. Á gbójú sókè, á wo àwọn ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀. Èyí dúdú, èyí pupa, èyí jẹ́ àfín, èyí jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tí ìyá rẹ̀ ń tì wọlé, èyí ń sọ èdè kan nílé, ó ń sọ òmíràn níta. Ó ní kò dáa kí ọmọ kàwé títí kó má bá ara rẹ̀ pàdé nínú ìwé kankan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Ọ̀gá ilé ìkàwé lẹ́nu. Ó bá a sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ó bá a sọ ọ́ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọjọ́ tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ni ọkùnrin náà gbà.

"Mo ti gbọ́, Màmá. A máa rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Nígbà tí páálí ìwé dé, Màmá Dákẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn. Ọmọ oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Ewì wà nípa bàbá tó ń se oúnjẹ nígbà tí ìyá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ewì wà nípa ọmọ tí wọ́n fi irun orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì dáhùn. Ewì wà nípa ẹ̀tọ́, nípa ìrẹ́jẹ, nípa àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kó má baà kán sórí ìwé.

Lẹ́yìn náà ló kó gbogbo wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Ẹ má bi í léèrè ìdí. Ìwé náà ti rẹwà jù ni. Ọwọ́ ọmọdé sì rèé, ọwọ́ ọmọdé kì í gbẹ. Ní gbogbo Sátidé á mú ìwé kan jáde, á gbé e sókè bí ẹni gbé ìkókó, á kà á, á ṣí ojú ewé fúnra rẹ̀. "Ẹ fojú wò ó o. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, dákẹ́!"

Sátidé kan, ó ka ewì ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú géètì tí wọ́n tì, tó ń ké pé ibi tó wà lẹ́yìn géètì náà, ti gbogbo ayé ni. Màmá Dákẹ́ kà á débi pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Orí rẹ̀ wú, ó rò pé orí àwọn ọmọ náà wú. Ó pa ìwé dé.

"Ó dáa. Ta ló lè sọ fún mi, kí ni géètì yẹn?"

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ọjà. Ó nàka sẹ́yìn Màmá Dákẹ́. "Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni, mà."

Ẹ̀rín bú yàrá. Màmá Dákẹ́ ní ewì lòun ń sọ, òun ò sọ nǹkan kan nípa kọ́bọ́ọ̀dù. Inú bí i délé. Ó ro ẹjọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó retí kó gbè sẹ́yìn òun.

Ọkọ rẹ̀ ń nu gírísì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́. Ṣé o rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ béèrè rẹ̀?"

Nígbà tí Sátidé tún dé, àwọn ọmọ kò jókòó. Wọ́n tò wọlé, ọmọ télọ̀ ló ṣáájú, wọ́n ń ké e pọ̀:

"Màmá Dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́,
Ìwé wa fẹ́ sọ̀rọ̀.
Wọ́n há wọn mọ́ inú gíláàsì tí wọn ò lè mí dáadáa,
Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn yín."

Ara rẹ̀ gbóná. Ó la ẹnu láti lé wọn jáde. Ohun tó bá ẹnu náà jáde yà á lẹ́nu.

"Ẹ dúró, ẹ dúró! Ìlà kẹta yẹn gùn jù, ó ń tiro. Ta sì ni 'wọ́n'? Ṣé ẹlòmíràn ló há wọn mọ́ ni? Èmi ni! Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: 'Ẹ há wọn mọ́nú gíláàsì.'"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọmọ télọ̀ ní, "Ṣé kò ní dùn yín, mà?"

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sẹ́nu dáadáa. Ó yá, látòkè!"

Bí Ọ̀gá ṣe já wọlé nìyẹn. Ó bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń mi orí, tó ń lé orin èébú láàárín àwọn ọmọdé.

"Màmá, ta lẹ ń bú báyìí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná."

Kò sí ibi tó lè sá sí mọ́. Ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn kọ́kọ́rọ́ bá há mọ́ awò ojú rẹ̀, kò ṣeé bọ́ lọ́rùn. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ gíláàsì, kó máa yí kọ́kọ́rọ́ bí olè tó ń fọ́lé, kí àwọn ọmọ sì máa bá a ké orin náà lẹ́yìn.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Òmíràn rẹ epo. Ìkókó kan jẹ etí òmíràn. Ìwé tó fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ padà rárá, ọwọ́ ọmọ télọ̀ ló wà. Ó dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́, ló bá gba ọjà lọ ní òwúrọ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ gbígbóná sẹ́nu.

Ó bá ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí sílẹ̀. Télọ̀ jókòó nídìí máṣìnì, ọ̀pá méjì tó fi ń rìn fara ti ògiri. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé fún un. Ewì nípa bàbá kan ni, tó ń fi ọ̀pá méjì sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, tí ọmọ náà sì ń yangàn pé ẹsẹ̀ bàbá òun pọ̀ ju ti bàbá ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tí ọmọ náà kà á tán, télọ̀ ní, "Tún un kà."

Ó rí Màmá Dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i tayọ̀tayọ̀. "Màmá, láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń kà á fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ò tíì rí irú mi nínú ìwé rí, àfi níbi tó bá ti ń tọrọ báárà."

Màmá Dákẹ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ gbígbóná náà mì. Òun ló ṣa ìwé yìí, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé àgbà kan lè máa wá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì í. Ó wá irọ́ tó máa pa.

"Aṣọ ni mo wá rán," ló sọ.

Kò ní aṣọ lọ́wọ́. Télọ̀ mú òṣùwọ̀n, ọmọ rẹ̀ ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kan ìbàdí, télọ̀ pe iye rẹ̀ sókè ketekete, àwọn tó ń kọjá lọ gbọ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ Màmá Dákẹ́. Ó mọ ohun tó torí rẹ̀ wá, kò sì tú u fó.

Wọ́n rán aṣọ náà, ó sì fún un mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jókòó dáadáa. Òun ló wọ̀ ní Sátidé tó pe télọ̀ wá ka ewì náà fún àwọn ọmọ. Màmá Dákẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún ewì.

Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ṣì ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu fún ìwé tuntun. Bí ọmọ bá dá ìwé padà, á rẹ́rìn-ín, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Bí ọmọ náà bá jáde tán, á mú àkísà, á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa nu epo kúrò lójú ewé, á máa ṣépè lábẹ́nú fún ẹni tó kọ́kọ́ dá oúnjẹ sílẹ̀ láyé.