Gbólóhùn Kan tí N Kò Kọ

Mo rántí ìgbà tí orúkọ mi kọ́kọ́ jáde nínú ìwé. Ọyẹ́ mú ní Jos lọ́dún náà débi pé ètè gbogbo wa ló ń bó, ṣùgbọ́n èmi ń rẹ́rìn-ín kiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Bukuru, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì gbà pé láti ibẹ̀ dé Ìlọrin, kò sí ẹni tó mọ ìtàn kọ tó mi. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ló ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan jáde lóṣooṣù. Ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìnkú ló máa ń kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn àròsọ kan lójú ewé ìkẹyìn. Ìtàn yẹn ni gbogbo ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Olóòtú ìwé náà jẹ́ bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ń gbé nínú ìlú Jos. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń wo ènìyàn láti òkè awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibi tí ènìyàn fi nǹkan pamọ́ sí. Ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń fura sí i, láìmọ ohun tí mo ń fura sí gan-an.

Ìtàn tí mo kọ dá lórí ọkùnrin kan tó kú sínú adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Rayfield. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọkọ obìnrin aránṣọ kan ní Bukuru, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Télọ̀, lọ wẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Èmi kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn tèmi, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yọ̀ ni, ó sì bá omi lọ. Ṣùgbọ́n mo fún un ní ìyàwó, mo sì sọ ìyàwó náà di aránṣọ, ohùn rẹ̀ ha, ó fi òwú dúdú so apá awò ojú rẹ̀ tó dá. Bí Ìyá Télọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Òun nìkan ni aránṣọ tí mo mọ̀. Mo ní àròsọ ṣáà ni.

Nígbà tí ìwé jáde, mo rí gbólóhùn kan ní ìparí rẹ̀ tí kì í ṣe tèmi: “Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ẹni tó tì í.” Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ń ní, “Tíṣà, ìparí yẹn! Kai!” Èmi náà ń tẹrí ba, mo ń dúpẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Télọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba aṣọ wọn tí kò tíì rán. Èyí ní òun ń rìnrìn àjò, ìyẹn ní ọkọ òun ò fẹ́ àrà yẹn mọ́. Ní ẹnu ẹ̀rọ omi, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ara wọn pé páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn àna rẹ̀ láti Kuru, tí wọ́n ti ń múra láti wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣàdédé dákẹ́. Wọn ò wá, wọn ò sì ránṣẹ́.

Ìgbà yìí ni mo wá rántí pé gbólóhùn yẹn kì í ṣe tèmi. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan wá fi ata sí ọgbẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé olóòtú ti fẹ́ fẹ́ Ìyá Télọ̀ rí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, obìnrin náà sì kọ̀ ọ́, pé ẹ̀san ló ń gbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Mo wọ mọ́tò, ó di ilé olóòtú.

“Bàbá, ta ló fi gbólóhùn yẹn sí ìtàn mi?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé, sà?”

“Kò níyọ̀. Mo bù ú sí i.” Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. “Aránṣọ inú ìtàn yẹn, ṣé ẹni tí o mọ̀ ní Bukuru ni?”

Mo ní àròsọ ni. Ó ní, “Ó yẹ kí n ti bi ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ obìnrin náà rí.” Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ obìnrin ló ní òun ò mọ̀ ọ́n rí!

Wọ́n pe ìpàdé ẹgbẹ́. Gbogbo ojú ló ń yẹ ara wọn wò. Alága ní kí a kúkú kọ ọ́ pé àṣìṣe àwọn atẹ̀wé ni, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹnìkan ní rárá, tíṣà tó kọ ọ́ ni kó wá wí tẹnu rẹ̀. Mo ń retí kí olóòtú nàka sí mi. Ó dìde.

“Kò sí ohun tó ń wọ inú ìwé yẹn tí ọwọ́ mi ò kọ́kọ́ kàn. Ẹ fi àwọn atẹ̀wé sílẹ̀, ẹ fi ọmọdé yìí náà sílẹ̀. Èmi lẹ ó bá wí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ènìyàn lára, àfi èmi. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Ní Sátidé, ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Ìyá Télọ̀. Bí a ti dé iwájú ilé, obìnrin kan jókòó tó ń ṣa ẹ̀pà. Kí n tó la ẹnu, olóòtú ti ṣí fìlà, ó ti tẹrí ba níwájú rẹ̀: “Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín.”

“Haba, Baba! Ba ni ba ce!” obìnrin náà ké, ó ní òun kọ́ o. Ayálégbé ẹlẹgbẹ́ Ìyá Télọ̀ ni. Ó fi ẹnu júwe inú ilé fún wa.

Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí. Bàbá yìí kò mọ obìnrin náà rí lóòótọ́. Gbogbo ohun tí mo ti fi ń sùn, tí mo fi ń jí, òfìfo ni.

Ìyá Télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀rọ náà. Ó ní òun ò kà á rí, ẹnu ni òun fi ń gbọ́ ọ. “Ẹ kà á fún mi.” Olóòtú kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo gbólóhùn rẹ̀.

“Ta ló kọ ìyẹn?”

“Èmi ni.”

Ó yíjú sí mi. “Awò ojú tí mo fi òwú so ńkọ́? Ṣé bàbá yìí náà ló fún ọ ni?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wárápá ló ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹnu ìwẹ̀ ló ti gbé e lọ́jọ́ náà. Nítorí àwọn ọmọ ni òun àti ọkọ òun ṣe fi àrùn náà pamọ́. “Wàláhì, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, wọn ò ní fẹ́ ọmọ mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi ni mo tì í. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, èwo ni kí n mú?”

Mo wo olóòtú. Ìtàn gidi nìyí, èyí tó dùn ju tèmi lọ ní ìlọ́po, tó sì lè dá a láre lójú gbogbo ayé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ má mú ọ̀kankan, ìyá. Èyí tí ẹ sọ yìí, kò ní dé ojú ìwé láéláé. Èmi ni màá ru tèmi.”

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, pé irọ́ ni gbólóhùn ìkẹyìn ìtàn náà, pé òun olóòtú ló rò ó jọ kó lè dùn, pé kò sẹ́ni tó ti ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá àwọn àna ní Kuru, ó sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló fi iṣẹ́ olóòtú sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Àwọn obìnrin kan dá aṣọ wọn padà wá, àwọn mìíràn kò wá mọ́ títí Ìyá Télọ̀ fi kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Òun àti olóòtú ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ, ló fún mi láyè láti sọ èyí tí a fi pamọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan, obìnrin àgbà kan di ọwọ́ mi mú, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìtàn obìnrin tó ti ọkọ rẹ̀ sómi, nígbà tí a wà ní Jos? Ó mà dùn o!” Mo bi í bóyá ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó ní, “Èwo nìyẹn?” Mo fà á jókòó, mo ṣàlàyé látòkè délẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tì í. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó ń mi orí. Ìgbà tí mo parí, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé èmi gan-an ló wá ń fura sí.