Tíṣà Fọláhàn, Ọ̀gá Parí-Ọ̀rọ̀-Rẹ

Ọjọ́ tí kọ́tìnì yàrá sáyẹ́ǹsì gbiná ni gbogbo ará àdúgbò Ọgbà l'Ékòó mọ Tíṣà Fọláhàn. Ó kọjú sí pátákó, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìkòkò, sítóòfù ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bí Wahab, ọmọ Agége, ṣe pariwo.

"Sà, iná!"

"Iná ṣe kí ni?" Tíṣà ò wẹ̀yìn. "Parí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Iná ti mú kọ́tìnì, sà!"

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé atẹ́gùn gbé e lọ sórí sítóòfù, sà! Ó sì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!"

"O káre. Jókòó." Ó ya ìdérí ìkòkò rẹ̀ tán kó tó yíjú padà. Èyí tó ṣẹ́ kù lára kọ́tìnì ọ̀hún kò tó fi nu imú.

Ará Èkìtì ni. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, bó ti wù kó há a sórí ní Gẹ̀ẹ́sì tó. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, wàá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, tìdítìdí, wàá wá tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìgbà Sáàpù sì ni, ètò tí ìjọba ológun fi sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Kò kúkú sí ohun tí èèyàn máa fọwọ́ kàn. Igò òfìfo ló kún orí tábìlì. Tíṣà kì í ráhùn. "Ohun èlò kan ṣoṣo tí Sáàpù ò tíì sọ di ọ̀wọ́n," ló máa ń wí, "ẹnu ni."

Bí iléèwé bá jáde, á máa yà kiri ilé àwọn ọmọ láti wádìí. Ní Agége, ó bá ìyá Wahab lójúde, onílé ni, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Alhaja. Ṣé Wahab ti sọ ohun tó ń mú aṣọ gbẹ fún yín?"

"Ó sọ ọ́, Tíṣà. Kò yé mi."

Wahab mí kanlẹ̀. Ó gbé báfù jáde, ó fọ aṣọ, ó sá a, ó tún ṣàlàyé bí oòrùn àti atẹ́gùn ṣe ń gbé omi lọ. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà tún yà.

"Ó kù díẹ̀, Tíṣà. Ibi tó kan bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni kò tíì yé mi."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà fi máa yé Alhaja, kò sí aṣọ ìdọ̀tí kan mọ́ nínú ilé náà, títí kan ti àwọn ayálégbé.

Lọ́jọ́ kan ní Maryland, sójà ní kí Tíṣà fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó bi sójà pé nítorí kí ni. Sójà fi ẹsẹ̀ fọhùn. Tíṣà fò ó. Ó tiro wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì. "Ẹni tí kò bá ní 'nítorí' lẹ́nu," ló wí, "kòbókò ló máa ń mú dání."

Òfin iléèwé ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ọ̀gá iléèwé, Ìyáàfin Oyinadé, kìlọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá ránṣẹ́ sí alábẹ̀wò ìjọba. Bí inú alábẹ̀wò kò bá dùn, wọ́n á gba kíláàsì ìdánwò lọ́wọ́ Tíṣà. Tíṣà kò níyàwó, kò bímọ. Kíláàsì náà ló ní láyé.

Alábẹ̀wò dé lọ́sàn-án gangan, ó ń làágùn nínú kóòtù.

"Omi," ló wí.

Ìyáàfin Oyinadé pa ojú dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́, "ẹ parí ọ̀rọ̀ yín."

Alábẹ̀wò nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ fún mi lómi," ló wí níkẹyìn, "nítorí pé òùngbẹ fẹ́ pa mí."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Màríàm, ọ̀kan lára wọn, bu omi fún un nínú ìkòkò amọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó mu ún, ó wo inú ife. "Kò síná níbí. Kí ló mú un tutù báyìí?"

"Omi díẹ̀díẹ̀ ń sun jáde lára ìkòkò, sà," ni Màríàm dáhùn. "Bó ṣe ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ, ìyẹn ni èyí tó kù sínú fi ń tutù." Ó sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò kọsẹ̀.

Alábẹ̀wò tún gba ife mìíràn. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì yìí mọ́. Tí mo bá tún gbọ́ ọ níbí, Tíṣà, ẹ máa kó ẹrù yín."

Ìgbà tó padà wá, ẹnu ọ̀nà ló bá wọn. Àwọn ọmọ tò síta. Ẹni tó bá ti ṣàlàyé tirẹ̀ ní Yorùbá tó sì já gaara, á gbẹ́sẹ̀ wọlé, á tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Tíṣà, kí lèyí?"

"Ẹ ní kí Yorùbá má wọ kíláàsì, sà. Kò wọ̀ ọ́."

Alábẹ̀wò ní kí wọ́n fún òun lómi nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ó mu ún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gba kíláàsì lọ́wọ́ Tíṣà mọ́, àfi Ẹlẹ́dàá.

Ibà ló ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣàìsàn kó tó kú, ìjọba ológun ò tíì kúrò lórí oyè. Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ ìsìnkú. Wahab, tó ti dàgbà, tọrọ àyè níléeṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, Alhaja fi ìborùn borí.

"Tíṣà Fọláhàn ti lọ," ni Pásítọ̀ wí.

"Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín!" Alhaja ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà Fọláhàn ti lọ sílé," ló wí, "nítorí pé Olúwa tó rán an níṣẹ́ ti ní kó máa bọ̀."

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn. Wahab sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ létí. "Màmá, ṣé ó yé yín?"

Alhaja fi ìborùn nu ojú.

"Kò tíì yé mi," ló wí. Lọ́jọ́ náà, kò sí aṣọ kankan nílé tí Alhaja fẹ́ kí Wahab fọ̀.